Ìbọn ìléwọ́ kejì fún àpò: Ruger LCP tàbí Smith & Wesson 642?

Fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ, Ruger LCP tó jáde lọ́dún 2008 ló rọrùn jù láti fi pamọ́: kò tó 300 gíráàmù, ó pẹlẹbẹ, ọta 6 sì wà nínú ilé ọta rẹ̀. Smith & Wesson 642 wúwo jù ú lọ, ọta 5 péré ló ń gbà, ikùn rẹ̀ tó ń yípo, níbi tí ọta wà, sì máa ń ti aṣọ síta.

Síbẹ̀, 642 ni mo fara mọ́. Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, ẹ kàn tún fi ìka fa ìbọn náà, ọta mìíràn á bọ́ sípò. Láti yọ ọta tó kọ̀ kúrò nínú LCP máa ń gba ọwọ́ méjì, ẹni tó wà nínú ewu sì lè má ráyè ìyẹn. Òòlù 642, ìyẹn apá tó ń gbá ọta kó lè dún, wà nínú, kì í há mọ́ aṣọ.

Méjèèjì ló ń ti ọwọ́ sẹ́yìn gan-an. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ má fi í sínú àpò láìsí àkọ̀ tó bo ibi tí ìka ń fà.