Aṣọ àga tí ẹgbẹ́ wa lò ní Ojúde Ọba: àgbéyẹ̀wò ilé aránṣọ tó bá wa ṣe é

Bí ẹgbẹ́ yín bá ń gbèrò aṣọ àga fún Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú-Òde tó ń tẹ̀lé Iléyá, ẹ má wá ẹni tí yóò kàn gbowó kó sì ránṣọ. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín jókòó ti àga náà. Ohun tí mo fi yin ilé aránṣọ tí a lò ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá wọn rò.

Ojúde Ọba 2024, tó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ni a rán an fún. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí wa, ti mú aṣọ ẹgbẹ́, fìlà àti gèlè ti délẹ̀, àga rọ́bà funfun nìkan ló kù tó ń dójú tì wá lábẹ́ kánópì.

A ti ya tiwa sórí bébà kí a tó débẹ̀: orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà lórí ìjókòó, ọnà yí i ká. Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó, kò wí nǹkan kan. Ó gbé àga kan kalẹ̀, ó ní kí akọ̀wé wa jókòó pẹ̀lú agbádá rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ẹgbẹ́ yín dà?” Orúkọ ti wọ abẹ́ agbádá. Àǹtí ní ẹ̀yìn àga ni èrò tó wà lẹ́yìn wa àti àwọn oníkámẹ́rà yóò máa rí, ibẹ̀ ni kí owó ọnà lọ.

Ẹnìkan wá ní kí a fi ọnà aṣọ olónà sí i. Ẹni tó bá mọ aṣọ olónà Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ eré: àwọn obìnrin ló ń hun ún, ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì wà nínú iṣẹ́ ọnà rẹ̀, èjìká olóyè Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni Ìjẹ̀bú, sì ni a ti ń rí i. Alhaji kan nínú ẹgbẹ́ fèsì lórí WhatsApp pé, “Ohun tí wọ́n ń gbé lé èjìká, ẹ fẹ́ fi ìdí jókòó lé e?” Ilé gbóná títí di òru. Tèmi ni pé Alhaji jàre. Àǹtí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó yọ àwọn ẹranko kúrò, ó fi ìlà wíwọ́ nìkan sílẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀yìn àga, níbi tí ìdí ẹnikẹ́ni kò dé. Ó wá ní kí a yan ẹni mẹ́ta tí òun yóò máa bá sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ kò lè di abẹ́rẹ́ kan mú.

Àwọn kan fẹ́ àdìrẹ ẹlú. Àǹtí fi omi rin hánkáṣíìfù funfun, ó fi nu àdìrẹ tuntun kan níwájú wa, hánkáṣíìfù di aró. Ẹ fojú inú wo lẹ́ẹ̀sì funfun lórí irú àga bẹ́ẹ̀, nínú oòrùn àti òógùn. Ọ̀rọ̀ àdìrẹ parí síbẹ̀.

Ibi tí ó ti fi hàn mí pé òun mọṣẹ́ jù lọ nìyí. Ọdọọdún ni àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ń yí, nítorí náà ó fi aṣọ funfun tó nípọn rán ìbòrí náà, ó wá ran ìgbànú sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí a ó máa ki ọ̀já aṣọ òkè bọ̀. Aṣọ òkè kò kúkú fẹ̀, ọ̀já kan kì í sábà ju ínǹṣì mẹ́fà lọ, ó ṣe rẹ́gí. Ní 2024, ₦4,500 ni a san fún ìbòrí kan, ₦3,000 fún ọ̀já. Ní 2025, ọ̀já nìkan la rà. A ti fọ ìbòrí náà, kò tú, kò sún kì.

Ẹjọ́ mi wá nìyí. Àga tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi wọn aṣọ. Àwọn tó ń háyà àga kó oríṣi méjì wá, èyí tó lápá àti èyí tí kò lápá. Rọ́bà inú aṣọ já lára àwọn tó lápá, pín-ìnnì la fi ń há a mọ́ ọn nígbà tí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ti ń kọjá. Aránṣọ tó ń ṣiṣẹ́ ayẹyẹ yẹ kó béèrè irú àga tí a fẹ́ háyà. Ọ̀já láti Ìsẹ́yìn sì pẹ́, ìrọ̀lẹ́ Iléyá ló dé, nígbà tí gbogbo wa ń sáré àgbò. Àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n ju èyí tí a rí lórí fóònù lọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kò tíì dákẹ́ lórí rẹ̀.

A ó tún lò wọ́n. Àmọ́ a ti sọ fún Àǹtí pé òwú gan-an la fẹ́ rí kí a tó san owó, kì í ṣe fọ́tò, kí rọ́bà sì di okùn tí a lè so.