Sucralfate fún ẹ̀jẹ̀ ìdí lẹ́yìn iná rediéṣọ̀n: oṣù mẹ́ta tí mo fi lò ó

Aránṣọ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákíe, kò sì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀. Fún odidi oṣù mẹ́rin, ohun tí mo kọ́kọ́ ń rò tí mo bá jí ni pé ta ni n ó tọrọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ìgbẹ́ á gbọ̀n mí lójijì, n ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sáré, tí mo bá débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ikun lásán ni yóò jáde.

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni mo ní. Ìbàdàn ni mo ti gba iná, ìgbà 25 láàrin ọ̀sẹ̀ 5, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi iná mìíràn gba ojú ara wọlé. Wọ́n ní kí n retí ìgbẹ́ gbuuru. Ó ṣe mí lóòótọ́, ó sì lọ láàrin oṣù kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé nǹkan mìíràn tún lè jí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Oṣù kọkànlá lẹ́yìn iná ni tèmi jí.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ kò ní orúkọ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́, ó ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni, ìwọ náà mà fẹ́ràn nǹkan dídùn jù." Ó ra àgbo jẹ̀dí wá fún mi lọ́wọ́ ìyá alágbo. Mo fi yàgbẹ́ mọ́jú, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mo lọ náà pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Oṣù méjì ni mo fi lo ìpara àti oògùn tí wọ́n ń kì bọ ìdí. Wọn kò bi mí bóyá mo ti gba iná rí. Èmi náà kò sọ, ojú ń tì mí láti dárúkọ jẹjẹrẹ níwájú àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí pẹ́dà ẹ̀rọ ni wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi, ti lọ sílẹ̀ sí 22.

Dókítà tó wá rí ìdí ọ̀rọ̀ kò ṣe ju kó bèèrè lọ. "Màmá, ṣé ẹ ti gba iná rí?" Ó ní ìfun ìdí àti ọrùn ilé ọmọ súnmọ́ ara wọn gan-an, iná tó ń lé jẹjẹrẹ kò lè ṣàì kan ìfun. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ìfun á máa dí díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, ara á wá hu iṣan tuntun tó fẹ́lẹ́ jù. Ìgbẹ́ líle kan kàn án, ó bẹ́. Ìdí tó fi máa ń pẹ́ kó tó yọjú nìyẹn. Wọ́n fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀, wọ́n sì fi àwòrán hàn mí: ó dà bí òwú pupa tó já kálẹ̀ sórí aṣọ funfun.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí ọkàn mi lè balẹ̀ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ ló padà. Dókítà kọ̀. Ó ní ohun tí òun rí kò jọ jẹjẹrẹ, àti pé ara tí iná ti kàn kì í tètè jinná, pàápàá apá iwájú tó kọjú sí ojú ara. Ibi tí wọ́n bá gé lè lu, kí ìgbẹ́ máa gba ibi tí kò yẹ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba iná ní ìsàlẹ̀ ikùn, àti ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ gba ti próstéètì, ẹ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi irin kan ìdí yín.

Oògùn ọgbẹ́ inú ni sucralfate, gbígbé mì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, á sì bò ó. Tèmi, ìdí ni mo ń gbà á, bí dókítà ṣe júwe rẹ̀: hóró 2 tó jẹ́ gíráàmù kọ̀ọ̀kan, nínú omi sísè tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mílílítà 20. Mo máa ń jẹ́ kó tú fúnra rẹ̀, n ó rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu, n ó fà á sínú síríńjì tí mo fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ sí lẹ́nu, n ó fi jẹ́lì pa rọ́bà náà. N ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, n ó rọra tì í wọlé, n ó yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún kó lè kan gbogbo ara ìfun, n ó sì dá a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Àárọ̀ àti alẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dà á nù. Inú á lọ́ mi, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò fi tú jáde, funfun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìró bí ẹfun. Ohun tó yọ mí ni kí n kọ́kọ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, kí omi má sì tutù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ti di ìlà kan ṣoṣo lára ìgbẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo wo inú póò, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan, mo jókòó síbẹ̀ mo sunkún. Pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo ń lò, PCV ti di 31. (Oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-irin máa ń mú ìgbẹ́ dúdú, pupa ni ẹ̀jẹ̀ tiwa yìí.)

Nínú 5, mo fún sucralfate ní 4. Mo yọ oókan nítorí pé èmi ni mò ń pò ó fúnra mi, bí iná bá lọ lóru, tọ́ọ̀ṣì ni mo ń dì mẹ́nu; àti nítorí pé ìgbọ̀nsẹ̀ òjijì kò tíì lọ tán. Obìnrin kan tó ń gba iná lọ́wọ́ bi mí bóyá kí òun máa gbé e mì kó má bàa ṣe òun. Rárá o. Dókítà ní wọ́n ti yẹ ìyẹn wò, kò dáàbò bo ìfun.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò tún fi kámẹ́rà wò mí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá padà, gáàsì ágọ́nì ni wọ́n ní wọn yóò fi jó ẹnu àwọn iṣan náà pa, Ìbàdàn ni n ó sì tún lọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun máa bá mi lọ.