python-on-whales: ó kù díẹ̀ kí dátà ilé oògùn kan ní Garki bá a lọ

Ìkìlọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣáájú, oríyìn á tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń fi python-on-whales, láíbúrẹ́rì Python tó ń darí Docker, darí Compose, irinṣẹ́ Docker tó ń fi fáìlì kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà dìde, ẹ má ṣe pe `DockerClient` láìkọ `compose_project_name` sí i. Àìkọ ọ́ ló jẹ́ kí ètò ìṣirò owó tuntun gba ibùjókòó mọ́ ètò ilé ìtajà oògùn kan lọ́wọ́ lórí sáfà tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ní Garki, ní Abuja níbí, ní ọ̀sán gangan tí èrò pọ̀ níwájú káńtà.

Kọ̀ǹténà ni àpótí tí ètò kọ̀ọ̀kan ń dá ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Docker SDK ti Python, láíbúrẹ́rì tí Docker fúnra rẹ̀ ṣe, kò mọ Compose rárá. Compose àtijọ́ tí wọ́n fi Python kọ ti kógbá sílé ní 2023, Go ni wọ́n fi kọ tuntun. Ẹni tó bá wá fẹ́ fi Python gbé odindi kọ̀ǹténà mẹ́rin márùn-ún dìde lẹ́ẹ̀kan, yálà kó máa fi subprocess (ohun tí Python fi ń pe àṣẹ ẹ̀rọ) to àṣẹ fúnra rẹ̀, tàbí kó lo láíbúrẹ́rì yìí, tó jẹ́ pé àṣẹ `docker` gan-an ló ń pè lábẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìgbàlà ti wá.

Fódà méjì ló wà lórí sáfà náà: `/srv/oogun/app` àti `/srv/isiro/app`. Project ni orúkọ tí Compose fi ń kó àwọn kọ̀ǹténà kan jọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ project fún Compose, orúkọ fódà tí fáìlì rẹ̀ wà ló máa mú. Ó wá di pé “app” ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Ti ilé oògùn ní `db` (Postgres, ibi tí àkọsílẹ̀ wà), `redis` àti `web`. Ti ìṣirò ní `db`, `migrate` (tó ń to tábìlì sínú `db`) àti `isiro`. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó sáfà ló gbé ti ìṣirò kalẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sì nìyí:

```
docker = DockerClient(compose_files=["/srv/isiro/app/compose.yml"])
docker.compose.up(detach=True, wait=True, remove_orphans=True)
```

Ẹ wo iṣẹ́ tí ìlà kejì yẹn ṣe. Compose rí `web` àti `redis` tí àmì project “app” wà lára wọn, tí wọn kò sì sí nínú fáìlì tuntun. Ó kà wọ́n sí ọmọ òrukàn, ó yọ wọ́n kúrò. Ó rí `db` tí ètò rẹ̀ kò bá ti fáìlì mu, ó wó o, ó tún un kọ́. Volume, ibi tí Docker ń tọ́jú dátà sí kó má bàa bá kọ̀ǹténà lọ, méjèèjì ló ń jẹ́ `data` nínú fáìlì wọn, nítorí náà orí `app_data` kan náà ni `db` tuntun jókòó lé. Image Postgres, àwòṣe tí a fi ń dá kọ̀ǹténà rẹ̀, kì í sì ka `POSTGRES_PASSWORD` mọ́ bí nǹkan bá ti wà nínú volume rẹ̀. Àkọsílẹ̀ oògùn ló wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń jẹ́ isiro nínú rẹ̀. `pg_isready`, tó ń wò bóyá Postgres ń dáhùn, sọ pé ara `db` dá, torí pé kì í yẹ orúkọ tàbí pásíwọ̀dù wò. `migrate` ní tirẹ̀ forí gbá `password authentication failed for user "isiro"`, ó sì kú. Níwájú káńtà, ojú ìwé títà kò ṣí mọ́.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ gbé fóònù ní ilé-iṣẹ́ náà ní, “Ẹ pa sáfà, kí ẹ tún un tàn, sà.” A pa á, a tàn án. Kò lè ṣiṣẹ́, kọ̀ǹténà tí wọ́n ti yọ kúrò kì í fi títàn padà wá. Ó gbé wa fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: “Ẹ ṣe `docker.compose.down(volumes=True)`, gbogbo rẹ̀ á mọ́ tónítóní.” Òótọ́ ni pé á mọ́! Gbogbo volume tí fáìlì náà dárúkọ ló máa lọ, `app_data` náà á sì bá wọn lọ, tòun ti gbogbo ìwé ọjà ilé oògùn náà. Kò béèrè ohun tó wà nínú volume, kò béèrè bóyá ẹ̀dà wà níbòmíì. Inú mi kò tíì rọ̀ sí ìmọ̀ràn yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n gbé wa fún ṣìkẹta ló mọ iṣẹ́. “Ẹ kú ìnira, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ká tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ ka ohun tí Python kọ jáde fún mi látòkè délẹ̀.” Lókè, Compose ti kọ `service "migrate" didn't complete successfully: exit 1`. Lábẹ́ rẹ̀, `DockerException` kọ odindi àṣẹ tó pa, gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kankan pamọ́: `docker compose`, `--file` àti ojú ọ̀nà fáìlì, `up` àti àwọn tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà tí àṣẹ náà dá padà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “`--project-name` dà, sà?”

Ó ní ká tẹ èyí:

```
for k in docker.container.list(all=True):
    print(k.name, k.config.labels.get("com.docker.compose.project.working_dir"))
```

`app-db-1` jáde, `/srv/isiro/app` sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ti ìṣirò ló ti gba ipò `db` ilé oògùn. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láíbúrẹ́rì tó bá ń fi àṣẹ rẹ̀ hàn báyìí ń ṣe oore ńlá fún ẹni tó wà lórí fóònù tí kò rí ẹ̀rọ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Àtúnṣe rẹ̀ ní ìdẹkùn kan. Ẹ ṣe `down()` lásán, láìsí `volumes`. Ẹ fún ti ìṣirò ní `compose_project_name="isiro"`, kó ní `isiro_data` tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ti ilé oògùn ní “oogun” kí ẹ sì dúró síbẹ̀, `oogun_data` tó ṣófo ló máa bá yín, ẹ̀yin á sì rò pé gbogbo nǹkan ti sọnù. Lábẹ́ `volumes` nínú fáìlì rẹ̀, ẹ kọ `external: true` (pé volume náà ti wà tẹ́lẹ̀, Compose kọ́ ló ni ín) àti `name: app_data` sí `data`. Àǹfààní míì wà níbẹ̀: `down(volumes=True)` kì í fọwọ́ kan volume tó bá jẹ́ external. Báyìí ni ọjà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tà padà.

Àwọn ìyókù, ní kúkúrú. `docker.compose.ps()` ń dá kọ̀ǹténà padà bí ohun tí ẹ lè bi ní ìbéèrè, `k.state.health.status` ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, ẹ kò ní máa fi ojú gé ọ̀rọ̀ kúrò nínú tábìlì. `docker.compose.execute` ń fẹ́ tẹ́mínà àyàfi bí ẹ bá kọ `tty=False`; ẹ gbàgbé ìyẹn, `None` lẹ máa gbà dípò èsì. Èyí kò dáa rárá, ibi tí a ti ń kọ ètò kì í sábà jẹ́ níwájú tẹ́mínà. Bí `docker.compose.config()` bá bínú sí ohun tuntun nínú fáìlì yín, `return_json=True` ń fún yín ní dict lásán.

Ti iná ọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí sáfà bá kú tó sì tún tàn, Docker fúnra rẹ̀ ló ń jí àwọn tó ní `restart: unless-stopped`, kì í sì wo `depends_on`, tó ń sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, gbogbo wọn á jí lẹ́ẹ̀kan. Postgres tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìkú òjijì kò ní dá `web` lóhùn. Ẹ fi systemd, tó ń dá ètò sílẹ̀ bí Linux bá tàn, pe ètò Python tó ń ṣe `up(detach=True, wait=True)`, kí `depends_on` ní `service_healthy`, kí ẹ sì fún healthcheck (àyẹ̀wò ara) `db` ní `start_period`, àkókò tí ìkùnà kò tíì kà, tó gùn. Láìsí i, ìgbìyànjú mẹ́ta péré, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá láàrin, ni Docker ń fún un kó tó pè é ní aláìsàn.

Fún ibi tí dátà íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n, `docker.image.save([...], output="app.tar")` sínú fláàṣì, `docker.load` ní ibi tó ń lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹ̀ka ilé oògùn náà ní Suleja máa ṣí láìpẹ́, òun náà la máa fi gbé e dìde.