Dókítà eyín tí mo lọ rí ní Alágbàká, Àkúrẹ́

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ìjókòó yẹn. Aago 8 ni wọ́n ní ká dé, mo dé, aago 10 ti kọjá kí wọ́n tó pè mí, fáànù kan ṣoṣo sì ni gbogbo wa ń pín. Mo yọ máàkì fún wọn níbẹ̀.

Àmọ́ dókítà yẹn, ọmọdébìnrin ni lójú mi o, ó mọṣẹ́. Èmi ti gbà pé kòkòrò ló wà léyín mi, torí omi tútù ò ṣe é mu mọ́, tó bá ti kan eyín iwájú báyìí ṣe ló máa ta mí wọnú orí, mo ti ń wá owó tí wọ́n á fi yọ ọ́. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó gbé díńgí fún mi, ó ní ṣé mo rí bí etí eyín yẹn ṣe fẹ́lẹ́ tí iná fi ń gba inú ẹ̀ kọjá, tó sì ń pọ́n rúsúrúsú? Èmi rò pé ìdọ̀tí ni. Ó ní rárá, èèpo funfun tó bo eyín, énámẹ́lì, ló ń yọ́ lọ, inú eyín ló ń yọjú yẹn. Ló bá ní, "Mà, kí lẹ máa ń mu láàárọ̀?"

Ha! Òroǹbó wẹ́wẹ́ àti omi gbígbóná. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń mu ún nítorí ikùn (ikùn ọ̀hún ò kúkú lọ), tí mo bá sì ti mu ún tán, búrọ́ọ̀ṣì líle ló kàn, màá fi gbo ẹnu dáadáa. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe é, nǹkan kíkan máa ń mú èèpo eyín rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì á wá máa hó o. Kí n fi omi lásán yọ ẹnu, kí n dúró tó ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan kí n tó fọ eyín, kí n ra búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń mú èèpo eyín le. Sóbò àti mínírà tí mò ń tọ́ lá ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́ ńkọ́? Ó ní tí mi ò bá lè fi sílẹ̀, kí n mu ún lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ. Mi ò dárúkọ àgbálùmọ̀ ní tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò tàn mí. Ó ní èyí tó ti lọ ò ní hù mọ́, èyí tó kù la máa ṣọ́, kò sì ta oògùn olówó ńlá kankan fún mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mo ti ń mu píọ̀ wọ́tà tútù díẹ̀díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání.