Mo Tú Ẹnu Àpò ETF Wò, Láti Ọjà Èkó Dé New York

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń ra ETF, ìyẹn àpò ìdókòwò tí a ń rà, tí a sì ń tà bí ṣíà, nínú ọjà ṣíà ti Èkó, mo sì ní díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ní New York pẹ̀lú. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi ti rí nípa wọn, nítorí pé àwọn tí ń polówó wọn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjà kan náà ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni irú àpò tí wọ́n di ẹrù sí nìkan ni wọ́n fi jọra. Ẹni tí ó bá ra àpò láì tú ẹnu rẹ̀ wò lè ru gàrí délé kí ó tó rántí pé ìrẹsì ni òun bá wá sọ́jà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó gba àṣẹ lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọjà ìdókòwò, yóò kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, yóò fi ra ṣíà, bọ́ǹdì ìjọba (ìwé gbèsè tí ìjọba ń san èlé lé lórí) tàbí wúrà, yóò sì pín àpò náà sí ẹyọ kéékèèké tí a lè rà, tí a sì lè tún tà, nínú ọjà ṣíà gan-an, bí a ṣe ń ra ṣíà ilé ìfowópamọ́ tàbí ti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Àwọn tí wọ́n mọ mutual fund, àpò ìdókòwò àpapọ̀ tí kì í wọ ọjà ṣíà, yóò rántí pé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó o ni a ti ń rà á, iye kan ṣoṣo ni ó sì máa ń ní lójúmọ́. Ti ETF kò rí bẹ́ẹ̀: láàárín wákàtí ọjà ni iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ tà ni ẹ ó sì ti rà á. Àwọn àgbà máa ń yin alájọ Ṣómólú pé orí rẹ̀ pé, pé ó gbàjọ fún ọgbọ̀n ọjọ́ láì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Èmi kò fẹ́ irú alájọ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí wọ́n kọ ohun inú àpò sí ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó wo iye rẹ̀ rárá.

Nínú ọjà Èkó, èyí tí ó sún mọ́ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá ETF sílẹ̀ jù lọ ni Vetiva Griffin 30, tí àwọn alágbàtà ń pè ní VG30, èyí tí ó wọ ọjà ní ọdún 2014, àti Stanbic IBTC ETF 30 tí ó tẹ̀ lé e. Atọ́ka kan náà, NGX 30 (NGX ni orúkọ ọjà ṣíà ti Èkó), ni àwọn méjèèjì ń tọ̀. Atọ́ka yìí ni ọjà fi ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń lọ sí fún ilé-iṣẹ́ 30 tí wọ́n tóbi jù, tí ṣíà wọn sì ń rí rà rí tà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń yẹ orúkọ inú rẹ̀ wò. Alábòójútó irú àpò bẹ́ẹ̀ kò ní láti ronú bóyá Zenith yóò ṣe dáadáa ju GTCO lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí àpò náà bá atọ́ka dọ́gba, kí owó tí yóò gbà fún iṣẹ́ náà sì kéré. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí, nítorí pé ẹni tí kò bá pera rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n jù kì í fi ìgbéraga ba owó olówó jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan yan VG30 nítorí pé ẹyọ rẹ̀ kò wọ́n tó ti Stanbic rárá, ó sì gbà pé òun rí ọjà pọ́ọ́kú rà. Mo bi í pé bí ènìyàn méjì bá ra búrẹ́dì kan náà, tí ọ̀kan gé tirẹ̀ sí ogún, tí èkejì gé tirẹ̀ sí méjì, ta ni búrẹ́dì rẹ̀ pọ̀ jù? Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn. Ohun tí kò tẹ́ èmi lọ́rùn nínú àwọn méjèèjì ni pé 30 tí ó wà nínú orúkọ wọn ń tan ènìyàn díẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni ìpín rẹ̀ nínú irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ tó, nítorí náà Dangote Cement, MTN àti ìwọ̀nba àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn ni wọ́n ń ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, àwọn tí wọ́n wà nísàlẹ̀ kàn ń fọwọ́ tì í lẹ́yìn ni. Bí sìmẹ́ńtì àti tẹlifóònù bá rọ̀, àpò náà yóò rọ̀, ohun yòówù tí àwọn ogún tí ó kù ìbáà máa ṣe.

Lotus Halal Equity ETF gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń tọ atọ́ka tí ó ń tẹ̀ lé òfin Ìsìláàmù, nítorí náà kò sí ilé ìfowópamọ́ tí ń jẹ owó èlé nínú rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ ọtí, kò sì sí tẹ́tẹ́. Fún Mùsùlùmí tí ó ti ń wá ibi tí yóò fi owó rẹ̀ sí tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀, ọjà tí ó yẹ ni. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà lè rà á, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé nínú ọjà bí ti Èkó, tí àwọn ilé ìfowópamọ́ jẹ́ òpó pàtàkì, ẹni tí ó yọ òpó yẹn kúrò yóò rí ọdún tí inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì rí ọdún tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Vetiva Banking ETF ni òdì kejì rẹ̀ pátápátá: ilé ìfowópamọ́ nìkan ni ó wà níbẹ̀. N kò rà á, nítorí pé ẹni tí ó ní VG30 ti ní púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́.

Ti bọ́ǹdì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi lóye jù. Vetiva ní èyí tí ó jẹ́ bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó kó sínú, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìjọba ni ó jẹ gbèsè, owó náà kò lè dín. Ìjọba yóò san gbèsè rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye ẹyọ ETF náà lè dín kù lọ́jà. Ẹ gbà pé bọ́ǹdì kan ń san náírà 12 lọ́dún lórí náírà 100, tí ìjọba wá gbé tuntun jáde tí yóò máa san náírà 20. Ta ni yóò tún fi náírà 100 ra ti àtijọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti di 27.5. Ẹni tí ó di bọ́ǹdì mú títí ọjọ́ ìsanwó yóò gba owó rẹ̀ pé; ETF kò ní ọjọ́ ìsanwó bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọ̀kan bá ti ń parí nínú àpò ni wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí èlé bá ń wálẹ̀, ìgbà yẹn ni adùn rẹ̀.

NewGold ni èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òun náà ni ó sì fún mi ní ìyọnu jù láti rà. Ilé-iṣẹ́ Absa ti South Africa ni ó ni ín, ó ti wà lórí ọjà Johannesburg láti ọdún 2004, ó sì wọ Èkó ní ọdún 2011. Òun ni ETF àkọ́kọ́ níbí. Wúrà gidi tí wọ́n tò sínú yàrá ìpamọ́ ni ó wà lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún áúǹsì. Kì í pín owó èrè, nítorí pé wúrà kì í bímọ. Ohun tí ó ń ṣe ni pé dọ́là ni ayé fi ń díwọ̀n wúrà, nítorí náà nígbà tí náírà kúrò ní nǹkan bí 471 sí dọ́là kan ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ó sì kọjá 1,400 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹni tí ó ní wúrà nínú àpò kò bá náírà ṣubú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ púpọ̀ ni ó ń kọjá tí ẹnikẹ́ni kì í tà á, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í rà á.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nínú oṣù kan tí ọjà ń gbóná, mo pàṣẹ fún alágbàtà mi pé kí ó ra ọ̀kan nínú àwọn ETF ṣíà fún mi ní iye tí ó bá bá a lọ́jà. N kò ní dárúkọ àpò náà, nítorí pé ẹ̀bi èmi gan-an ni. Ó rà á ní náírà 52. Nígbà tí ó di òru, mo ṣí ibi tí àwọn alábòójútó ti ń kọ iye ohun inú àpò fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí, mo sì bá náírà 40 níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àná ni wọ́n kọ ọ́, mo wo déètì, òní ni. Náírà 12 lórí ẹyọ kan ni mo fi ra afẹ́fẹ́, ìyẹn ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́.

Irú èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ní New York, ìdí rẹ̀ sì wà. Àwọn oníṣòwò ńlá kan wà tí wọ́n ní àṣẹ láti kó ṣíà inú atọ́ka lọ fún ilé-iṣẹ́ ETF, kí wọ́n sì gba ẹyọ tuntun. Bí iye ọjà bá ti ga ju iye inú àpò lọ díẹ̀, kíá ni wọn yóò ṣe ẹyọ tuntun wá tà, tí yóò fi wálẹ̀. Bí ó bá sì rẹlẹ̀ jù, wọn yóò ra ẹyọ, wọn yóò dá a padà, wọn yóò sì gba ṣíà. Èrè ara wọn ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n àwa ni wọ́n ń ṣe láǹfààní. Ní Èkó, ìlànà yìí wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe é kò pọ̀, owó tí ń yí nínú rẹ̀ sì kéré, nítorí náà bí àwọn ènìyàn bá ya bo ETF kan, iye rẹ̀ lè sálọ fi ohun inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Bí nǹkan kan bá dí ọ̀nà ìlànà yìí pátápátá, àpò náà kò ní lè dúró. Ilé-iṣẹ́ Global X ti Amẹ́ríkà gbé ETF kan tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan jáde ní New York ní ọdún 2013, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè fi dọ́là ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wa. Nígbà tí ó wá di pé ẹni tí ó ta ṣíà ní Èkó kò rí dọ́là mú jáde, kò sí bí oníṣòwò yóò ṣe mú iye ọjà àti iye inú àpò dọ́gba mọ́. Nígbẹ̀yìn, ilé-iṣẹ́ náà pa àpò ọ̀hún dé.

Ní ti àwọn ti Amẹ́ríkà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń rà lórí fóònù, VOO ti Vanguard ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ìjọ̀ngbọ̀n. Atọ́ka S&P 500, ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bí 500 ní Amẹ́ríkà, ni ó ń tọ̀, bíi ti SPY, ETF mìíràn tí ó ti wà láti ọdún 1993, ìdá 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń gbà lọ́dún: dọ́là 3 péré lórí dọ́là 10,000. Kí ọmọ Nàìjíríà sì mọ̀ pé Amẹ́ríkà yóò yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó èrè tí wọ́n bá pín fún un gẹ́gẹ́ bí owó orí. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sábà rí VOO rà. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ireland ni wọ́n ń rà, atọ́ka kan náà sì ni ó ń tọ̀.

ARKK, ETF Amẹ́ríkà mìíràn, kò tọ atọ́ka kankan. Cathie Wood, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣa ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sì ń gba ìdá 0.75. Ní ọdún 2020, owó inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ; ní ọdún 2022, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. ETF Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní TQQQ ni n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé pamọ́. Ó ń ṣèlérí ìlọ́po mẹ́ta ohun tí Nasdaq-100, atọ́ka àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá 100 inú ọjà Nasdaq ní Amẹ́ríkà, bá ṣe, ṣùgbọ́n ti ojúmọ́ kan ṣoṣo ni. Bí atọ́ka bá kúrò ní 100 bọ́ sí 90 lónìí, tí ó sì padà sí 100 lọ́la, kò jèrè, kò pàdánù. Ẹni tí ó ní ìlọ́po mẹ́ta yóò bọ́ sí 70 lónìí, ìdá 33 tí yóò fi gòkè lọ́la (ìlọ́po mẹ́ta ìdá 11 tí atọ́ka fi kúrò ní 90 dé 100) yóò sì gbé e dé 93 péré. Atọ́ka ti délé, òun ṣì wà lọ́nà.

Ní báyìí, VG30 àti NewGold ni mo dì mú ní Èkó, pẹ̀lú VOO díẹ̀. N kì í tún sọ fún alágbàtà pé kí ó rà á ní iye tí ó bá bá lọ́jà. Lóṣù tí ó kọjá, iye inú àpò VG30 ni mo kọ́kọ́ wò, mo fi kọ́bọ̀ díẹ̀ lé e, mo sì ní kí ó ra ẹyọ 1,000, kí ó má ṣe kọjá ibẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò sí ẹni tí ó tà. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹnì kan ta 600. Àṣẹ tí mo fi sílẹ̀ fún 400 tí ó kù parí ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.