IReV lójú ará Ilé-Ifẹ̀: ó ń fi ìwé èsì hàn, ṣùgbọ́n kì í bá ni ṣírò

Ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun tó wáyé ní 16 Oṣù Keje 2022 ni mo fi díwọ̀n ìwúlò IReV, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, ń gbé èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan sí. Lọ́dún 2018, ìbò 482 péré ni Gboyega Oyetola fi borí Ademola Adeleke lẹ́yìn àtúndì ìbò ní ibùdó 7, tí 3 nínú wọn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀. Ẹnu àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbọ́ èsì nígbà náà. Nígbà tí Adeleke wá fi ìbò 403,371 yọ Oyetola, tó ní 375,027, lórí àlééfà ní 2022, ẹni tó wà ní Lágere tàbí Mọ́dákẹ́kẹ́ lè fi fóònù wo ìwé èsì ibùdó tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ímeèlì ni a fi ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. (Àgbàlagbà tí kò bá ní, kó bẹ ọmọ Yunifásítì kan, wọn kò wọ́n nílùú yìí.) Lẹ́yìn náà, a ó yan ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù àti ibùdó, àwòrán EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó, tí òṣìṣẹ́ ìdìbò fi BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, yà yóò sì jáde. Ohun tó wù mí jù nìyí, nítorí pé ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ lójú aráàlú gan-an ni, pẹ̀lú iye ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò, ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbò tó bàjẹ́ àti ìbuwọ́lù àwọn aṣojú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó dúró síbi tí wọ́n ti ka ìbò lè fi ohun tó gbọ́ wé ohun tó ń rí.

Ṣùgbọ́n ojúlé náà kì í ṣe ìṣirò kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àpapọ̀ ìbò Ifẹ̀ Àárín Gbùngbùn ní láti ṣí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fọwọ́ rò wọ́n pọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun dé kóòtù, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò gbè sẹ́yìn Oyetola ní Oṣù Kìn-ín-ní 2023, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá ìdájọ́ náà nù ní Oṣù Kẹta, tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i fún Adeleke ní Oṣù Karùn-ún. Iye ẹni tí BVAS yẹ̀ wò ni wọ́n ń jà lé lórí, àwòrán ìwé èsì nìkan kò sì lè parí irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Ì bá jẹ́ 4, bí kì í bá ṣe pé gbígbé èsì ìdìbò ààrẹ ti Oṣù Kejì 2023 síbẹ̀ falẹ̀ gidigidi. Kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó tọ́jú nọ́ńbà ibùdó rẹ̀ sílẹ̀, kó má sì gbára lé káàdì ìdìbò àtijọ́ nìkan, nítorí pé INEC dá ọ̀pọ̀ ibùdó tuntun sílẹ̀ ní 2021, wọ́n sì ti kó àwọn olùdìbò kan lọ síbẹ̀.