Bíréèkì tó ń dá iná padà, àbí kí ọkọ̀ máa yí lọ?

Ọlọ́kadà Àgbádárìgì tó ti fẹ́ dúró kì í fún ọ̀kadà níná mọ́. Á jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. Awakọ̀ ojú irin lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà: iná tó ń jẹ á dín kù, àmọ́ ìrìn á pẹ́ díẹ̀ (ẹni tó ti pẹ́ láti dé ibiṣẹ́ kò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn).

Bíréèkì kan wà tó ń sọ eré ọkọ̀ di iná mànàmáná. Bí kò bá sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí tó máa lò ó, tàbí bátìrì tó máa gbà á, ooru ló máa dà.

Oníná ni Blue Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó tó ń lọ láti Marina sí Mile 2, láti 2023. Bí wọ́n bá fà á dé Okokomaiko, kí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìwúwo ọkọ̀ àti àkókò, kí wọ́n lè mọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Yíyí lọ ni mo fara mọ́ ṣáájú. Kò béèrè ẹ̀rọ tuntun.